Ọjọ́ tí Ìyá Mi Ní Kí N Ṣọ́ Mẹkáníìkì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sí iwájú ọkọ̀, ìyá mi nìkan ni obìnrin tó ń wa píkọ́ọ̀pù ní àdúgbò wa ní Lomé. Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n tà á. Ìyá mi ní rárá, ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la sì máa ń lọ sí Avépozo létí òkun lọ kó o lọ́wọ́ àwọn ìyàwó apẹja.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo obìnrin tó bá ń wakọ̀ nígbà náà. Àwọn mẹkáníìkì ló tilẹ̀ burú jù. Ọ̀kan ti yọ bátìrì wa tó dára, ó fi èyí tó ti kú sípò rẹ̀. Òmíràn ní òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ kò tú nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tó bá mú sípánà dání. Bí ẹnìkan bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún kó tó dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, à ń bọ̀ láti Avépozo, ẹja kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn apẹja kan gbé àwọ̀n léjìká, wọ́n ń sọdá títì. Ìyá mi tẹ bíréèkì. Ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, sítíárìn ń jà mọ́ ọn lọ́wọ́, ariwo kan sì ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata lórí ọlọ. Díẹ̀ báyìí ló kù ká gbá ẹni tó kẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bú wa. Ó kàn dúró, ó ń wò wá. Nígbà tí ìyá mi já ẹja sílẹ̀ tán, ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ará Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé ní Togo, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀, ni mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa. Yorùbá rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Níbi tí kò bá ti yé wa, a bọ́ sí èdè Mina tí gbogbo Lomé ń sọ. Ìyẹn nìkan ti tó fún ìyá mi láti fura. Ọkùnrin náà fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Táyà ń yẹ̀. Ó ní bíárìn, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, ti jẹ tán. Ó ní dísìkì, àwo irin tí bíréèkì máa ń fún mọ́ra kí ọkọ̀ tó dúró, ti wọ́. Ó ní tọ̀tún tòsì la máa pààrọ̀.

“Màmáà, ẹ jẹ́ kí n bá yín rà á,” ló wí.

“Rárá o,” ni ìyá mi dá a lóhùn. “Èmi náà lẹ́sẹ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí ọjà Hédzranawoé. Gbogbo ohun tó rà ń dán, bébà tuntun ni wọ́n fi wé e. Nígbà tó délé, ó mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná, ó kán an tótó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní ilé mẹkáníìkì náà, ó sọ sí mi létí: “Má gbójú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ o.” Ló bá lọ sọ́jà.

Mo ṣọ́ ọ gan-an. Mo rí bó ṣe tú táyà, bó ṣe fi wáyà gbé irin bíréèkì kọ́ kó má bàa já rọ́bà rẹ̀, bó ṣe yọ dísìkì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti là yánna-yànna. Ó bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń tẹ bíárìn mọ́ ọn títí gírísì fi yọ ní òdìkejì. Ó wojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín padà.

Nígbà tó kan apá òsì, ó mú bíárìn kan, ó fi ìka yí i, ó dúró. Ó gbé e sétí. Ó tún yí i. Ó wo ọ̀nà ọjà títí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú un wọlé. Òmíràn ló mú jáde, kò sì sí kútẹ́ẹ̀sì lára ìyẹn. Ó kàn án sínú ọkọ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń retí ìyá mi.

Bí ìyá mi ti dé ni mo sọ ọ́ sí i létí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá mi pariwo. Mina ló fi pa á, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: “Ẹ wá wo olè o! Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ pa èmi àtọmọ mi!” Tọkùnrin tobìnrin jáde.

“Tú u!” ló wí.

Ọkùnrin náà tún fi jáàkì gbé ọkọ̀. Ó tú táyà, ó yọ nọ́ọ̀tì, ó fa bíárìn náà jáde. Kò sí àmì lára rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ nínú ilé pé kó mú èyí tí ìyá mi rà wá, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́.

“Ẹ yí i, Màmáà.”

Ìyá mi yí i. Mo gbọ́ ọ láti orí àpótí tí mo wà, ó ń dún bí ẹni ń rún yanrìn lẹ́nu. Irin àlòkù ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dán an, wọ́n fi bébà tuntun wé e, wọ́n tà á fún ìyá mi lọ́jà.

“Èyí tí mo fi síbẹ̀, ọkọ̀ tèmi ni mo rà á fún,” ni ọkùnrin náà wí. “Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lọ sí Avépozo lọ́la.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọmọ yìí?” ni ìyá mi bi í.

Ó wò mí. “Ọmọ tẹ́ ẹ fi ṣọ́ mi? Kí ni mo fẹ́ bá a sọ?”

Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú gbogbo àwọn tó ti pè jáde. Ọkùnrin náà gbé e dìde, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò tán. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí a bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, á to gbogbo irin tó fẹ́ lò síbẹ̀, á sì máa gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìyá mi kó tó fi ọ̀kankan sí ọkọ̀. Ìyá mi á ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó.” Á ní, “Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi padà sí ìlú rẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo rí i tí ìyá mi ń sunkún bá a ṣe ń wakọ̀ lọ sílé.

Ayé ti yí báyìí. Mẹkáníìkì tí ọmọ mi ń lò ní Légbassito lẹ́bàá Lomé, kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, á ti ya fọ́tò gbogbo nǹkan, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kò sí ẹni tó ń bínú. Ọmọ mi ní ìlọsíwájú ni, pé ìjà ti tán. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń fi ìka fẹ àwọn fọ́tò náà lójú, mo máa ń wò wọ́n dáadáa, torí ìfura ìyá mi ò tíì kúrò lára mi. Àmọ́ nígbà tiwa, bí o bá fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan, ó máa ń dùn ún wọ egungun, nítorí ó ti rò pé o gba òun gbọ́. Lónìí, mi ò mọ ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀ mọ́.