Ìka Ẹni Tó Ń Da Rọ́bà

Ọkọ àbúrò mi tó ń da rọ́bà abẹ́ mọ́tò l'Ajah kì í dáhùn kíkí tó bá ti po kẹ́míkà méjì tó ń di rọ́bà pọ̀. Ìka ló ń nà sókè, pé kéèyàn ní sùúrù. Tó bá dà á tán ló tó ń sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kíá ló ń dì." Rọ́bà rẹ̀ le débi pé típà kan gùn ún rí, típà ló tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Lakowe láti parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. "Àbúrò, mo dé o!" Ìka ni wọ́n rí. "Èmi lo ń nàka sí?" Wọ́n yí padà. Kó tó dà á tán kó sáre jáde, ọkọ̀ ti gbé wọn lọ. Kó tó lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti papò dà.

Nígbà tí mo lọ kí i, ó gbé rọ́bà tó ń dà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lé mi lọ́wọ́. Kò ní ihò afẹ́fẹ́ kan.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò dà á dáa tó báyìí rí."