Búrẹ́mọ̀ Oníyọ̀ Tó Ná Àṣẹ Ìjọba

Gbogbo Ìdànrè ló mọ ọjọ́ tí Búrẹ́mọ̀ oníyọ̀ ná àṣẹ ìjọba bí ẹni ń ná ewúrẹ́. Olóde ti wọ orí òkè lọ́dún náà, àrùn ilẹ̀ gbígbóná tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an ní gbangba. Tàjùdéèn, wolé-wolé tí ìjọba rán wá láti Oǹdó, dúró lójú ọjà ìsàlẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó ní kí tọmọdé tàgbà na apá kí òun bù ú, kí àrùn má baà mú wọn.

Búrẹ́mọ̀ gbọ́wọ́ sókè láàárín èrò.

"Ọjọ́ mélòó ni jálẹ̀?"

"Bàbá, àṣẹ ni, kì í ṣe iyọ̀."

"Mo gbọ́. Ọjọ́ méje ńkọ́?"

"Mọ́kànlélógún!"

"Ó dáa, mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mi ò ní na apá kankan."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mùíbàt ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí Àìníà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lórí òkè nílé ọkọ, tòun ti ọmọ ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà rí, kò sí ohun tí kì í ná. Nígbà kan, ó ń bá onígbàjámọ̀ ná owó orí fífá lọ́wọ́ nígbà tí abẹ ti dé agbede méjì. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan, ni oníyọ̀ wa bá dìde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń lọ kírun tòun ti ìdajì irun. Mùíbàt bẹ̀ ẹ́ kó dé fìlà, ó ní rárá, kí onígbàjámọ̀ máa rí i kí ojú máa tì í.

Lọ́dún Olóde náà, àwọn oníṣòwò díẹ̀ ló ń gbé ìsàlẹ̀. Òkè Ìdànrè ni ìlú gan-an wà. Àwọn ará òkè kò gba wolé-wolé gbọ́. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi ọgbọ́n lé wọn kúrò lórí àpáta baba wọn ni, àti pé ojú àpá tó bá bù sí wọn lápá ni wọn yóò fi mọ ẹni tó máa san owó-orí. Ẹni tó bá ṣàìsàn, ìyẹ̀wù ni wọ́n ń gbé e pamọ́ sí. Wọ́n sì ti gbọ́ pé Búrẹ́mọ̀ ná àṣẹ náà. Ohun tó ṣeé ná, ṣé òótọ́ ni?

Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe kí wọ́n má jẹ iyọ̀. Létí ọ̀nà oko, èèyàn a máa pàtẹ ọjà kó sì máa lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò sọ iye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Búrẹ́mọ̀ ṣe tẹ́ ewé sídìí àtẹ̀gùn òkè. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò fi òkúta sórí ewé tirẹ̀, iye ẹnu tó wà nínú ilé, òun yóò sì bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan fún òkúta kan ní àwìn. Tàjùdéèn gbà, nítorí kò sẹ́ni tó ń fojú kan ẹnìkejì.

Búrẹ́mọ̀ ná ìyẹn náà. Ilé kan tó mọ̀ pé èèyàn méje ló wà níbẹ̀ kó òkúta mẹ́wàá. Ó bu méje. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó mẹ́sàn-án. Ó bu méje. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n kó mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín, àpáta sì rẹ́rìn-ín padà sí i.

Lọ́jọ́ kẹfà, òkúta ilé Àìníà, tó máa ń jẹ́ márùn-ún, di mẹ́rin.

"Ọmọ mi ti mọ ọjà ná," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ó ti ń dín in fúnra rẹ̀!"

Lọ́jọ́ keje ó di mẹ́ta. Ilé oníméje di mẹ́rin. Mùíbàt gbójú sókè wo orí òkè. Kò sí èéfín, kò sí ariwo odó. Àkùkọ kan ṣoṣo ń kọ, èkejì kò dá a lóhùn.

"Bàbá Àìníà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "wọn kò ná an. Wọ́n ń kú ni."

Búrẹ́mọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ka òkúta mẹ́ta náà, ó tún un kà, ó gbé ewé wò bóyá ọ̀kan yọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òkúta kì í dárúkọ. Kò sọ ẹni tó kù fún un.

Ó tọ Tàjùdéèn lọ, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó na apá.

"Bàbá, ẹ ò ní ná an?"

"Bù ú."

Tàjùdéèn dúró kó gbọ́ ìyókù. Kò sí ìyókù. Ẹ̀rù ba wolé-wolé fúnra rẹ̀.

Búrẹ́mọ̀ padà sídìí àtẹ̀gùn, ó fi gbogbo agbára kígbe: "Ará òkè! Èmi Búrẹ́mọ̀ ti bupá! Mi ò ná an! Ẹ jẹ́ kí wolé-wolé gòkè!" Àpáta gba ohùn náà, ó ń gbé e kiri: mi ò ná an, mi ò ná an. Ó pẹ́ kí ohùn arúgbó kan tó sọ̀ kalẹ̀, láìrí ẹni tó ni ín.

"Búrẹ́mọ̀ wo?"

"Oníyọ̀!"

"Tí kò sì ná an?"

"Mi ò ná an rárá!"

"Yéè," ni ohùn náà wí. "A jẹ́ pé ikú ti dé lóòótọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n jẹ́ kí Tàjùdéèn gòkè, ẹni kọ̀ọ̀kan sì dúró sílé rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, Àìníà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Yésúfù ọkọ rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ojú àpá wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá àti bàbá ọkọ rẹ̀ ni òkúta méjì tó dín. Búrẹ́mọ̀ sunkún lójú ọjà, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí ẹní rẹ̀. Ìlú ní málékà ikú gbọ́dọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí Búrẹ́mọ̀ kì í gba ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mùíbàt ṣí ìsọ̀. Àwọn obìnrin tó ti òkè wá ń ra iyọ̀, ohun tó bá pè ni wọ́n ń san, kò sẹ́ni tó ná an, nítorí ọ̀wọ̀ òkú. Ìsọ̀ náà dákẹ́ bí òkè ṣe dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí àkùkọ kan ṣoṣo ń kọ. Mùíbàt kò lè gbà á mọ́ra. Ó bu iyọ̀, ó tún dà á padà sórí àtẹ.

Àìníà rí i. Ó bọ́ síwájú àtẹ, ó fajú ro bíi ti bàbá rẹ̀, ó tọ́ka sí iyọ̀.

"Ìyá, èló ni jálẹ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Mùíbàt, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó pe iye kan, Àìníà ní ó ti wọ́n jù, wọ́n sì ná an títí dìrọ̀lẹ́.