Èéfín Wàrà Ìyá Ràdí

Ní Gàrkí, lọ́dún 1988, kò sí ẹni tó fẹ́ràn wàrà díndín tí kò mọ fèrèsé Gàníyátù, ìyàwó Alfa Jàbárù. Ojú rẹ̀ gan-an ni wọn kò mọ̀. Ẹlẹ́hàá ni, ọmọ Ìlọrin. Ọwọ́ nìkan ló máa ń yọ lójú fèrèsé kótópó náà, tòun ti wàrà, ohùn á sì tẹ̀ lé e: "Sànnu. Ṣé kí n fi ata sí i?" Èmi tí a jọ pín ògiri ni mo mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Onígbàgbọ́ ará Kàbbà ni mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wá.

Lẹ́yìn fèrèsé yẹn ni ilé ìdáná wà. Alfa ló kọ́ ọ. Ó mọ ògiri rẹ̀ kan òrùlé, kí ọkùnrin tó bá ń kọjá má baà rí ìyàwó rẹ̀ nídìí iná. Kò ṣe é láti fìyà jẹ ẹ́ o. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì gbà pé iyì ni òun fi bò ó. Àmọ́ igi ni Gàníyátù fi ń dín wàrà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èéfín ò sì rí ibi gbà àfi ojú fèrèsé náà àti imú rẹ̀.

Ikọ́ náà kọ́kọ́ dé bí eré. Nígbà tó yá, kò lè gbá àgbàlá tán láìjókòó sinmi. Mo ní, "Ìyá Ràdí, ikọ́ yìí ti fẹ́ di ọmọ onílé o." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà tún di ikọ́. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní, "Ìyá Bámiṣayọ̀, tí wọ́n bá ní kí n má dín wàrà mọ́, ta ni yóò tún máa bá mi sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé?"

Alfa fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà Àjíṣafẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, gbé ọ̀pá oníhò kan tí àmì kékeré wà lára rẹ̀ fún un pé kó fẹ́ atẹ́gùn sí i bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Lẹ́yìn náà ló fún un ní ìnhélà, agolo kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹnu kí wọ́n lè fa oògùn inú rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kó sinmi díẹ̀, kó tún ọ̀pá náà fẹ́. Bí àmì ara ọ̀pá náà bá lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, oògùn náà yóò ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá lọ, kò dájú pé yóò ṣe é ní oore kan tó pọ̀.

Àmì ò kúrò lójú kan. Bí dókítà ṣe ń mi orí, inú bí mi.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ rí i pé aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀?"

Gàníyátù ò jẹ́ ṣí ẹnu níwájú ọkùnrin. Orí ìbòjú ló tẹ oògùn náà sí, aṣọ ló mu gbogbo rẹ̀. Dókítà ní tirẹ̀, ọmọlúwàbí ni, ó ti gbójú sílẹ̀ látìgbà tí obìnrin náà ti wọlé, kò rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì Wàsílátù bá mú wa lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Níbẹ̀ ni Gàníyátù ti ṣí ojú, tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ń múra àtifi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmì náà gbéra díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde tó tún jókòó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà ní láti òdìkejì kọ́tìnnì, "Ẹ máa lò ó, Mà, ó máa rọ̀ yín lọ́rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ẹni tó bá rí báyìí, oògùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, pàápàá tó bá ṣì ń jókòó ti iná igi. Ẹ kúrò nídìí iná yẹn."

Gàníyátù da ìbòjú rẹ̀ bo ojú. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà títí a fi délé, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gidigidi.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Alfa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìkòkò àti àdògán jáde sí abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú fèrèsé, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín wàrà ní gbangba.

Ẹnìkan tó ń kọjá ní, "Kai! Alfa, ẹ̀yin náà?"

Ó dá a lóhùn pé, "Yauwa, wá rà."

Ó ń dín in, ó ń nà án sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, ìyàwó ń tà á lójú fèrèsé bó ṣe máa ń tà á. "Ẹ yí i padà, Baba Ràdí, ó ti ń pọ́n jù." Inú Gàníyátù dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ bá yí padà, èéfín bo Alfa lójú. Ó wúkọ́ títí ó fi di igi máńgòrò mú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Gàníyátù, ìta gbangba ni mo wà, èéfín yìí sì fẹ́ pa mí. Èmi ni mo sì mọ ògiri yí ọ ká pẹ̀lú rẹ̀."

Ọwọ́ yọ lójú fèrèsé, ife omi ló mú dání. Alfa gbà á, ó mu ún, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, kò sì nù ún.

Gàníyátù ní, "Ẹ lọ wo ìkòkò yẹn. Ó ti ń jóná."