Ohun Tí Bàbá Gbàgbé Láti Sọ fún Kọ̀ǹpútà

Kí n má parọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà yẹn dé. Èmi ni akáńtáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìsẹ́yìn. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti ahunṣọ ló pọ̀ jù nínú wa. Èmi ni mo ń sọ ẹni tí a lè yá lówó. Ẹ̀rọ wo ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?

Wọ́n ní ọgbọ́n bàbá tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi ló wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, obìnrin tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà jókòó ti bàbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ń bi í pé, bí ẹnìkan bá wá yáwó, kí lẹ máa ń wò? Gbogbo èsì bàbá ló kó sínú rẹ̀: bó bá rí báyìí, ṣe báyìí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, béèrè tọ̀hún. Á bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá tún tẹ ibì kan, tí mo ní, “Kí nìdí?”, á ṣàlàyé. Ọ̀gá mélòó lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, títí ìyá ahunṣọ kan fi wọlé lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ ńlá kan délẹ̀ fún un láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí kò bá ra òwú kó tó di ọjọ́ Ẹtì, oníbàárà á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Má yá a.” Kí nìdí? “Owó kì í wọlé fún un lóṣooṣù.”

Háà! Ahunṣọ wo ló ń gba owó oṣù? Ìyá náà kò bá mi jà, ó kàn ń ká etí ìró rẹ̀ ni. Ó dùn mí wọra.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá bàbá nílé. Bí mo ṣe ròyìn fún un, ẹ̀rín pa á.

“Ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ni mo sọ yẹn!”

“Àwọn ahunṣọ ńkọ́, bàbá? Kí lẹ máa ń wò?”

“Kò sí o. Mo kàn máa ń rìn kọjá níwájú ilé wọn nírọ̀lẹ́, kí n fi nasẹ̀.”

“Kí lẹ wá máa ń rí?”

“Òwú tí wọ́n nà sílẹ̀ níwájú òfì. Bó bá gùn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Bó bá kúrú…” Ló bá gbá itan. “Yéè! Mi ò sọ ìyẹn fún obìnrin yẹn!”

Kíá la pe obìnrin náà lórí fóònù, ó sì fi ọ̀rọ̀ òwú kún ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, kọ̀ǹpútà bi mí pé, “Báwo ni òwú iwájú òfì rẹ̀ ṣe gùn tó?” Mi ò mọ̀! Mo bọ́ bàtà gíga mi, mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, mo béèrè ọ̀nà lọ sílé ìyá náà. Òwú aláró àti pupa gba àgbàlá kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilé ìdáná aládùúgbò. Mo padà lọ dáhùn. “Yá a,” ni kọ̀ǹpútà wí.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ìyá gba owó òwú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi títí, ó wá ní:

“Akọ̀wé wa, ẹ ti yá mi lówó rí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì ti kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Àná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé mi.”