Alàájì Tìrìmísíyù àti Aago Ìlú Méjì

Ìtàn tí àwọn èèyàn sọ jù lọ níbi fídáù Alàájì Tìrìmísíyù ni ti ọ̀sán ọjọ́ tí òun àti Ọláolú jọ ná aago. Òjò àkọ́rọ̀ ń lu kánópì tí wọ́n ta síwájú ilé ní Ìdí-Òro, ní Mushin. Àwọn ààfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúà tán ni, ojú gbogbo èèyàn sì wú. Jameelah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú, ń pín omi kiri, kò fẹ́ gbọ́ ìtàn kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́.

Ọláolú yìí, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba ni, tó máa ń ra aago àtijọ́ jọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ra bàtà. Ó ti gbọ́ pé bàbá kan wà ní Mushin tó ní irú aago ọwọ́ tí àwọn olówó ń wá káàkiri ayé, èyí tó ń sọ àkókò ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dé lẹ́yìn ìrun Áílà, ó dọ̀bálẹ̀, ó pe iye kan.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Alàájì wí, "ṣé aago lo ń ná ni, àbí tàtàṣé?"

Ọláolú fi kún un. Alàájì ní kó lọ kí ìyá rẹ̀ nílé. Ó tún fi kún un. Alàájì ṣí fèrèsé kí oòrùn lè bọ́ sójú aago, ó pe aládùúgbò méjì wá ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tó di Alásàrí, wọ́n dá ìnájà dúró. Alàájì lọ kírun, Ọláolú tó jẹ́ onígbàgbọ́ sì ń ṣọ́ bàtà àwọn olùkírun. Wọ́n padà sídìí ẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, òógùn ti bo ọmọ Yaba.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ borí mi. Iye tí ẹ pè náà ni màá san. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, sà."

"Fún kí ni?"

"Kí n lè sanwó aago."

"Aago wo?"

"Aago tí ẹ tà fún mi, Bàbá!"

Alàájì so aago mọ́ ọwọ́, ó wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ló ní mo fẹ́ tà á?"

Aago náà fúnra rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò kan lọ ní títóbi. Ó ní ọwọ́ funfun tó ń ka wákàtí níbi tí èèyàn wà, ó sì ní ọwọ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, bí ẹni tí nǹkan kan ò lé, tó ń ka wákàtí ibòmíràn. Òrùka kan yí ojú rẹ̀ ká, ìdajì pupa fún ọ̀sán, ìdajì búlúù fún òru. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá òkun ńlá ni irú rẹ̀ jáde, nítorí àwọn awakọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń kúrò ní àárọ̀ ìlú kan bọ́ sí àárọ̀ ìlú mìíràn, tí wọn ò mọ ohun tí aago ń lù nílé wọn mọ́. Bí Alàájì ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ díẹ̀.

"Oúnjẹ ni," ni yóò wí. "Wọ́n ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọ́n sanra títí, ọkọ̀ ò fẹ́ gbéra mọ́. Ni wọ́n bá sáré lọ bá àwọn ará Switzerland."

Ó yẹ kó mọ̀, nítorí òun ló ń gbé oúnjẹ náà. Inú ọkọ̀ òfurufú ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, káfúténì òyìnbó kan tó ń wa ọkọ̀ náà ló sì fún un ní aago náà lọ́jọ́ tí òyìnbó ọ̀hún ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Alàájì kọ́kọ́ sọ ìdí tí òyìnbó náà fi fún un, inú ló ń run káfúténì, òun sì gbé tíì gbígbóná fún un. Nígbà tó yá, káfúténì ti dákú. Kí Jameelah tó jáde ìwé mẹ́wàá, káfúténì ti sùn lọ gbalaja lókè aṣálẹ̀, ó wá ku ẹnìkan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó mọ ohun tó yẹ ní títẹ̀. Ikú ló dá ìtàn náà dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Alàájì ì bá ti gbé ọkọ̀ ọ̀hún balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí káfúténì ni kò ṣe ta aago. Nítorí Muadh ni.

Muadh ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Jameelah. Ó ti pẹ́ tó ti lọ sí London, ìwé rẹ̀ kò sì gún. Bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé mọ́, ẹnu iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ á sì bọ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, orí fóònù ló ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ ni Alàájì ti yí ọwọ́ pupa sí London, tó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Aago yìí kò ní kúrò nílé yìí. Ọjọ́ tí Muadh bá wọlé ni màá bọ́ ọ, tí màá so ó mọ́ ọn lọ́wọ́."

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèèṣì bi í pé kí ni aago lù, á gbé ọwọ́ sókè, á dín ojú, á dákẹ́ bí adájọ́.

"Níbí, aago méjì." Ẹni tó béèrè á ti fẹ́ máa lọ. "Ṣùgbọ́n ní London..." Onítọ̀hún á dúró. "...aago kan."

Èèyàn á dúró kó gbọ́ ìyókù. Kò sí ìyókù. Wákàtí kan yìí náà ni àwọn ará Switzerland torí ẹ̀ ṣe aago tó lè ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú.

Èyí tó tún burú ni pé tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, àwọn ará London á sún aago wọn síwájú, wákàtí kan ọ̀hún náà á sì parẹ́ títí di ìparí oṣù kẹwàá. Ṣàíbù ló kọ́kọ́ ta á lólobó. Ṣàíbù ni àbúrò Alàájì, ó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Ládípọ̀, kò sì sí ohun tó rí tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aago ìlú méjì yín ti di aago ìlú kan o. Ẹ lọ gba ṣéńjì yín."

Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè tí wọ́n ń sún aago ọ̀hún, Alàájì á ní kí Jameelah lọ aṣọ funfun òun. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún ọwọ́ pupa ṣe, á pe fóònù.

"Muadh, o ti dé."

"Bàbá, ibo ni mo dé?"

"Aago yín ti bá tiwa dọ́gba. O ti wọlé. O kú ìrìn."

Ní oṣù kẹwàá, á dá ọwọ́ pupa padà sẹ́yìn, kò ní jẹun títí di ìrọ̀lẹ́. "Ó tún ti lọ," ni yóò wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ọkọ̀ òfurufú dé. Jameelah á wọlé lọ sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Òun tí kò lọ síbì kankan, òun tó ń se ọbẹ̀ tó ń fọ aṣọ, kò sí ọwọ́ aago kankan tó ń tọ́ka sí i.

Ọláolú kò jáwọ́. Bó bá ti ń rí àyè, á yọjú láti Yaba, wọ́n á tún ná an, Alàájì á tún borí, kò sì ní tà. Ọjọ́ kan ló ṣi ẹnu sọ pé òrùka aago náà tó ti ṣá, tí pupa rẹ̀ ti dà bíi sóbò tí wọ́n bomi là, òun gan-an ló ń gbé owó rẹ̀ gun òkè. Ó ní àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ kì í fẹ́ èyí tó ń dán. Ojú oòrùn àti ojú àpá ni wọ́n ń sanwó fún.

"Gbígbó ló ń jẹ́ kó wọ́n?" ni Alàájì bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láti ọjọ́ náà, apá ò ká a mọ́. Wọ́n mú ọlọ́dà wá kó kun ilé nítorí Iléyá, ó lé e jáde: "Má fọwọ́ kan ògiri yẹn! Ṣíṣá ló ń mówó wá!" Jameelah ní kó má gun àkàbà mọ́ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní kò sí ọjọ́ orí níbẹ̀, owó ló ń gun lórí òun.

Ṣàíbù kò sí nílé nígbà ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ó ro pé òun fẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n òun lóore. Alàájì wà ní balùwẹ̀. Ṣàíbù mú aago lórí tábìlì, ó fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò nu ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, títí tó fi ń kọ mànà bí abọ́ ìyàwó tuntun. Ọláolú dé ní ìrọ̀lẹ́, ó yí aago padà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni Ṣàíbù wí. "Má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Bọ̀dá, ogójì ọdún lẹ nù dànù yìí!"

"Ogójì ọdún?" Ṣàíbù tẹjú mọ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Alàájì rẹ́rìn-ín títí tó fi di àyà mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò láyà. Ibẹ̀ ni Jameelah ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ọkàn bàbá òun.

Àìsàn náà pẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú, aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìgúnpá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan Jameelah kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta aago yìí, ká fi tọ́jú yín. Fóònù yín náà ń sọ aago London."

"Fóònù ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn," ni ó wí. Ó mí díẹ̀. "Tí mo bá tà á, kí ni mo máa so mọ́ Muadh lọ́wọ́? Okùn?"

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wákàtí dọ́gba. Wọ́n bọ́ aago, wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì gbé Alàájì lọ sin. Nígbà tí Jameelah fi ṣí dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn fídáù, aago náà ti dúró.

Muadh sunkún lórí fóònù. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Jameelah, tà á."

"Bọ̀dá mi, tiyín mà ni. Bàbá ní ọjọ́ tí ẹ bá dé..."

"Mi ò dé sin màmá. Mi ò dé sin bàbá. Ta lo rò pé ó ń bọ̀? Tà á."

Ohun tó yé Jameelah ni pé tí òun bá ta aago, ilé náà ti jẹ́wọ́ pé Muadh kò ní dé mọ́. Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí Ọláolú.

Ọláolú dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó kí i kú àfẹ́kù bàbá. Jameelah gbé aago kalẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́.

"Ó ti kú," ni ó wí.

"Kò kú, Àǹtí. Ara ọwọ́ èèyàn ló fi ń mí. Ẹ so ó mọ́wọ́, kí ẹ máa mi ọwọ́."

Ó so ó, aago náà yọ̀ láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó mi ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọwọ́ tíńtínní tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ta, ó tún ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Jameelah fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O kúkú mọ̀ pé Bàbá ò ní tà á," ni ó wí nígbà tó yá. "Kí lo wá ń wá ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mi ò bá wá, wọ́n á lọ wá ẹlòmíràn tí wọn ò ní tà á fún."

Jameelah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin òkú. Ọláolú fa kinní ẹ̀gbẹ́ aago jáde kó lè tún un ṣe.

"Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe, Àǹtí? Tiyín àbí ti Bọ̀dá Muadh?"

"Tèmi wo?"

Ọláolú wò ó bí ẹni pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá ò sọ fún yín? Pupa ni ti Muadh. Funfun ni tiyín. Wọ́n ní pupa làwọn fi ń mọ ibi tí ọmọ àwọn wà. Wọ́n ní funfun làwọn fi ń mọ ibi tí àwọn fúnra wọn wà."

Jameelah tẹ orí ba lórí aṣọ tó ń rán, ó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

"Bẹ̀rẹ̀ látorí funfun," ni ó wí.

Ọláolú tún un ṣe. Ó wo fóònù rẹ̀ fún ti London, ó dúró. "Wọ́n ti sún tiwọn síwájú lónìí. Bákan náà ni pẹ̀lú tiwa."

Jameelah bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àga Alàájì wà. Ẹnikẹ́ni kò lọ aṣọ funfun lánàá. Ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti dé."

Wọ́n gbọ́ ohùn Muadh, tinrín, bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti dé, Jameelah."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, Ọláolú pe iye tó fẹ́ san. Owó gidi ni. Kò yan án jẹ rárá. Jameelah fa àga kan fún un, ó ṣí fèrèsé kí oòrùn lè bọ́ sójú aago.

"Ọláolú, ṣé aago lo ń ná ni, àbí tàtàṣé?"

Ọláolú wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ báàgì rẹ̀ léjìká, ó jókòó, ó fi kún un. Jameelah ní kó lọ kí ìyá rẹ̀ nílé. Ó tún fi kún un. Ṣàíbù gbọ́ ariwo, ó wọlé wá ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì gba àkísà ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ẹnu wọn fi kò, tí Ọláolú béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, tí Jameelah sì bi í pé fún kí ni, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Ìdí-Òro. Ní London náà, ilẹ̀ ti ń ṣú.