Bí Àtíbàbà Fulera Ṣe Di Orí Òkè

Tí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń ki òkè bí ẹni ń ki ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ẹ má wulẹ̀ béèrè, Àbúdùlàhí ni. Àgbẹ̀ oníṣu ni ní abúlé kan lẹ́bàá Òkè-Ọdẹ, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, kò sì sí ojú ọ̀nà kan lára òkè gbọọrọ tó wà lẹ́yìn abúlé náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ẹni tó bá a dé téńté orí òkè náà kó wá wo ohun tó ń wò. Jannat àkọ́bí rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó kù wà ní Ìlọrin. Fulera ìyàwó rẹ̀ ní òun ò gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀. Orúnkún Àbúdùlàhí fúnra rẹ̀ sì ti ń dún kẹ́kẹ́.

Àfi ìgbà tí Bọ́lánlé, olórí ẹgbẹ́ kan tó ń fi gígun òkè ṣe eré ìdárayá, pè é lórí fóònù láti Ìlọrin.

"Bàbá, àwa méjìdínlógún là ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ ṣáà bá wa sàmì sójú ọ̀nà, a ó máa tẹ̀ lé e."

Ìyẹn ò le rárá. Lábúlé wọn, ẹni tó bá ṣáájú nínú igbó a já ẹ̀ka tútù, a fi dábùú ọ̀nà tí kò yẹ kí ará ẹ̀yìn gbà. Ọmọdé ibẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n: ibi tí ewé bá wà, má débẹ̀. Oríta méje ni Àbúdùlàhí fi ewé dí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi gòkè, ó wọ agbádá tó fi ń kírun Yídì, ó jókòó sórí àpáta, ó ń retí àlejò.

Àwọn àlejò dé oríta àkọ́kọ́, wọ́n rí ewé. "Àmì bàbá nìyí!" ni Bọ́lánlé wí, ni wọ́n bá fi ayọ̀ ré ewé kọjá. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tún ń já sí oríta mìíràn tí ewé wà; ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí kò dáa méjèèje gbé wọn yí ìdí òkè po, ó já wọn sí abẹ́ àtíbàbà tí Fulera ti ń yan gààrí.

"Màmá, ṣé orí òkè nìyí?" Wọ́n ń mí hẹlẹ.

Fulera wò wọ́n, àánú wọn ṣe é. "Ẹ kú oríire," ló wí. "Ibí náà ni."

Hẹ̀n-ẹ́n! Àgbàlagbà bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n bá agbada gààrí ya fọ́tò. Ọkùnrin kan ní òun ò fa afẹ́fẹ́ tó mọ́ báyìí símú rí, èéfín sì ń fín in lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àbúdùlàhí tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀, tó gbọ́ ọ̀rọ̀. "Súbúhánà! Ìyá Jannat, abẹ́ àtíbàbà lorí òkè wà?"

"Bàbá Jannat, ṣé kí n ní kí wọ́n padà ni? Ẹlòmíì ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì ó pe Bọ́lánlé kó lè ṣàlàyé. "Ẹ ń ṣeré ni, bàbá," ni ìyẹn dáhùn. "Gbogbo wa la dórí òkè. Ẹ̀yin nìkan la ò rí níbẹ̀."

Fọ́tò wọn tàn ká, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Ìgbìmọ̀ abúlé kan pátákó mọ́ ẹnu àtíbàbà: ORÍ ÒKÈ. Inú bí Àbúdùlàhí débi pé kò ki òkè mọ́.

Ní Sátidé kan, àlejò kan tó ń ya fọ́tò ní kí Fulera jọ̀wọ́ sún, pé ó ń dí òkè lójú. Fulera ju igbá sílẹ̀.

"Bàbá Jannat, orí òkè tiyín yẹn, ṣé èèyàn wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ mú mi lọ."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gòkè, Àbúdùlàhí dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé téńté, Fulera rí gbogbo òrùlé Òkè-Ọdẹ, ó rí oko lọ títí, ó rí òkè mìíràn tó ń rí bíi búlúù lọ́nà Ṣàrẹ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti ń pè mí wá síbí?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ ò pè mí kíkan tó," ni Fulera wí, ó sì jókòó tì í.