Ẹ̀rọ Tí Kò Dá Ritia Mọ̀

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Taorobwa, kò tíì kọ̀ fún ìbátan rí. Ní erékùṣù Nonouti, bí ará ilé ẹni bá ti jókòó, tó ní bubuti ni òun wá ṣe, ohun tó bá tọrọ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀, kò ní lè gbójú sókè mọ́ nínú maneaba, gbọ̀ngàn tí gbogbo abúlé ti ń pàdé. Báyìí ni kẹ̀kẹ́ ọkọ Taorobwa ṣe lọ lẹ́yìn tí òkun gbé ọkùnrin náà mì. Báyìí náà ni àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ. Obìnrin náà ń ṣa ìṣáwùrú létí ọ̀sà, ó ń hun ẹní, ó sì ń tọ́ Ritia, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ritia mọ̀wé. Nígbà tí àwọn kan láti òkè òkun pín tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní olùkọ́ nínú fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé, inú ọmọ náà dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ. Bó bá ti dáhùn ìbéèrè kan bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ á gbé èyí tó le jù ú lọ wá. Kò pẹ́ tó fi ń ṣe ìṣirò tí olùkọ́ abúlé gan-an ń sá fún. Wọ́n ní ọmọ kan péré ni wọn yóò mú láti erékùṣù náà lọ sílé ìwé gíga ní Tarawa, olú ìlú, lọ́fẹ̀ẹ́. Taorobwa rò pé wọ́n máa ṣe ìdánwò ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Bwenaman, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wá jókòó sórí ẹní.

“Ìyàwó wa, bubuti ni mo wá ṣe o.”

Taorobwa dáwọ́ ẹní híhun dúró. “Ẹ máa wí, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ̀rọ Ritia yẹn. Kí Tiaon ọmọ mi máa lò ó nírọ̀lẹ́. Olódo pọ́ńbélé lọmọ yẹn, bóyá ẹ̀rọ á bá mi tún orí ẹ̀ ṣe.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ritia wí.

“Ẹ máa mú un, ẹ̀gbọ́n.”

Tiaon àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kàn máa tẹ ohun tó bá ti wà níwájú wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, Ritia á figbe ta: “Ó tún ń bi mí ní méjì lọ́nà méjì!” Ìyá rẹ̀ á ní kó fara dà á, pé àwọn ò ní torí ẹ̀rọ ba ẹbí jẹ́.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Tarawa wá pe orúkọ ẹni tí wọ́n yàn, ọmọ kan láti ìhà àríwá erékùṣù náà ló pè. Kò sí ìdánwò kankan. Taorobwa lọ bá a.

“Ọ̀gá, Ritia mi ńkọ́?”

“Ìyá, ẹ̀rọ ní ọmọ yín ya olódo. Ó ní ẹlòmíì ló ń bá a ṣe é láàárọ̀.”

“Ẹlòmíì kẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń lò ó nírọ̀lẹ́! Ritia náà ló dúró yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè!”

“Èmi kọ́ ni mo yàn, ìyá. Ẹ̀rọ ló yàn.”

Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyẹn, kò mọ̀ pé ọmọ méjì ló ń fọwọ́ kan òun! Taorobwa jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Ó ní, “Mo ṣe bubuti lọ́dọ̀ yín.” Ọmọ ilẹ̀ wọn ni ọmọkùnrin náà, ó mọ ohun tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ òun. Ojú tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ìyá. Kò sí lọ́wọ́ mi.”

Kò pẹ́ sígbà náà, Bwenaman gbé ẹja wá pẹ̀lú Tiaon.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Ṣé Ritia ò kúkú nílò ẹ̀rọ yẹn mọ́? Bubuti ni mo wá ṣe.”

Ritia ló fi ẹní tó ń hun sílẹ̀, ó wọlé, ó gbé e jáde, ó fi lé Tiaon lọ́wọ́. Tiaon tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ tàn.

“Káàbọ̀, Ritia,” ni ẹ̀rọ wí. “Níbo la bá a dé?”